Àtẹ Tí Mo Fi Kọ́ Yín, Àti Ohun Tí Kò Sí Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín ṣì ní àtẹ náà nílé. Ojú ewé kan ṣoṣo ni. Mo máa ń pín in fún yín ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà kejì, tí a bá dé orí bí ẹ̀rọ ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ nínú ilé-iṣẹ́. Orúkọ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lápá òsì: Modbus, PROFIBUS, CAN, Foundation Fieldbus, EtherCAT àti àwọn yòókù. Lápá ọ̀tún ni òpó mẹ́ta wà: bó ṣe yára tó, bí wáyà rẹ̀ ṣe lè gùn tó, iye ẹ̀rọ tó lè so pọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo kọ máàkì sí, nínú mẹ́wàá. Èyí tó bá yára jù ló máa ń gba máàkì tó ga jù.

Lónìí mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ àtẹ yẹn. Mo ti ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ oníṣẹ́ níbí lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn kan tilẹ̀ ní ẹnu mi ti mú jù. Kò sí ìdí tí kò fi ní í kan tèmi.

Ohun tó fà á ni àlejò kan tó yà sílé mi lóṣù tó kọjá. N óò dé orí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tí iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiwọn. Nínú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ, sìmẹ́ńtì tàbí ohun mímu, ohun kan wà tó ń wo bí nǹkan ṣe gbóná tó, òmíràn ń wo bí omi ṣe kún tó nínú táǹkì, òmíràn ń ṣí fáàfù tàbí kó máa yí bẹ́líìtì. Gbogbo wọn ló ń jábọ̀ fún kọ̀ǹpútà alágbára kan tí à ń pè ní PLC, òun náà ló sì ń pàṣẹ fún wọn. Ọ̀nà tí àbọ̀ àti àṣẹ ń gbà lọ, tí wọ́n ń gbà bọ̀, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tó bá dákẹ́, ilé-iṣẹ́ dákẹ́ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ síra. Modbus, tí ilé-iṣẹ́ Modicon ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1979, dà bí tíṣà tó ń pe orúkọ nínú kíláàsì: ẹni tí wọn ò bá pè kò gbọdọ̀ la ẹnu. CAN, tí Bosch ti Jámánì ṣe fún inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kó tó wọ ilé-iṣẹ́, dà bí ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Ẹnikẹ́ni lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àbúrò á dákẹ́ fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n kò sì ní í tún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. EtherCAT, tí Beckhoff, ará Jámánì náà, gbé jáde ní 2003, dà bí ọkọ̀ ojú irin tí kì í dúró: bó ṣe ń sáré kọjá ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń já ẹrù tiwọn, tí wọ́n sì ń ju òmíràn sí i. Ọgbọ́n inú èyí tó kẹ́yìn yìí ń wú mi lórí títí dòní. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ mú yín rò pé mo ń bú u.

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá já fáfá máa ń bi mí ni pé, kí ló dé tí wọ́n fi pọ̀ tó báyìí? Ṣé kò sí àjọ tó ń fi ìlànà lélẹ̀ ni? Ó wà o. IEC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìlànà iṣẹ́ iná mànàmáná, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1985, èrò wọn ni pé kí gbogbo ayé ní ẹyọ kan. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá, wọ́n ṣì ń jiyàn. Jámánì ti ní PROFIBUS, tí wọ́n dáwọ́ lé ní 1987. Faransé ní FIP. Denmark ní P-NET. Àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà náà ní tiwọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n da ọjà òun nù. Ní 1996, ilẹ̀ Yúróòpù kó mẹ́ta pọ̀ sínú ìlànà kan tí wọ́n pè ní EN 50170, bí ẹni kó ewúrẹ́, àgùntàn àti adìyẹ sínú ilé kan, tó wá kọ “ẹran ọ̀sìn” sára ilẹ̀kùn. Àjọ àgbáyé náà wò wọ́n, wọ́n sì ṣe tiwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí IEC 61158 jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, oríṣi mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́jọ! Ọ̀kan kò gbọ́ èdè èkejì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ, torí láti ìgbà náà, oríṣi inú rẹ̀ ti lé ní ogún.

Inú bí mi nígbà yẹn, ẹ̀yin tẹ wà ní kíláàsì mi lọ́dún náà á rántí. Nísinsìnyí tí mo tún un kà, ìdájọ́ mi ti rọ̀ díẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹ̀rọ tó ń gé bébà àti táǹkì epo rọ̀bì kò nílò ohun kan náà, ẹni tó bá sì fi ẹyọ kan há gbogbo wọn mọ́lẹ̀ á ṣe ìpalára. Ẹ̀bi tí mo ṣì kà sí wọn lọ́rùn ni pé wọ́n fún ohun mẹ́jọ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà ni ọlọ́jà ti ń wọlé tọ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé mèremère, tí á ní, “Ọjà wa bá ìlànà IEC 61158 mu.” Òótọ́ ni. Ọjà ẹni tí wọ́n jọ ń dupò náà bá a mu. Ìlànà tí kò lè sọ pé “rárá” fún ẹnikẹ́ni ti ti ẹrù yíyàn sórí ẹni tó ń rajà, ẹni tó ń rajà ò sì mọ ohun tó fẹ́ fi yàn. Ibẹ̀ ni irú àtẹ tèmi ti ráyè wọlé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àtẹ náà fúnra rẹ̀. Ẹ mú ìlà PROFIBUS. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè sáré dé 12 Mbit/s, pé wáyà rẹ̀ sì lè gùn tó mítà 1200. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í pàdé láyé! Tí ẹ bá fẹ́ 12 Mbit/s, wáyà yín kò gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mítà 1200, ẹ óò sọ̀ kalẹ̀ dé 93.75 kbit/s. Ẹ pín ìyára ti tẹ́lẹ̀ sí ọ̀nà 128, kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀, òun nìyẹn. CAN náà ń kọ́? 1 Mbit/s fún mítà 40. Tó bá di mítà 1000, ó ku 50 kbit/s. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ fún CAN ò le: kí àbúrò tó lè dákẹ́ fún ẹ̀gbọ́n, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu àwọn méjèèjì tó tán. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ohùn ṣe ń pẹ́ tó kó tó dé, àfi ká fa ọ̀rọ̀ náà gùn.

Mo fi àwọn tí kì í gbé ilé kan náà sórí ìlà kan náà. N kò purọ́, àmọ́ ẹni tó bá gbà mí gbọ́ á ṣìnà. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó bi mí nípa rẹ̀. Èmi náà ò bi ara mi.

Ti òpó ìyára tún burú jù. Foundation Fieldbus H1 ń sọ̀rọ̀ ní 31.25 kbit/s. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ EtherCAT tó ń sáré ní 100 Mbit/s, ẹ̀sín ni, mo sì fún un ní máàkì méjì nínú mẹ́wàá. Ẹ wo ohun tí máàkì méjì yẹn gbé pamọ́. Wáyà tín-ín-rín méjì péré ni H1 ń lò. Wáyà méjì kan náà ló ń gbé iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, òun náà ló ń gbé ọ̀rọ̀. Ó lè gùn dé mítà 1900. Ẹ sì lè lò ó níbi tí gáàsì wà nínú afẹ́fẹ́, níbi tí iná kékeré kan tó bá ṣẹ́jú lè pa èèyàn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un lọ́ra ni, kí àwọn ohun yòókù lè ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo á mọ̀ pé máàkì méjì tí mo fún un, èmi ló yẹ ká fún.

Ìyára kọ́ gan-an là ń wá, ìdánilójú àsìkò ni. Bọ́ọ̀sì tó ń dé ní agogo méje lójoojúmọ́ wúlò fún òṣìṣẹ́ ju takisí eléré tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa yọjú. Ẹ̀rọ tó ń fi ọwọ́ irin mẹ́fà gbé ìgò, tí ọwọ́ kan ò gbọdọ̀ kan èkejì, òun ló nílò kí ọ̀rọ̀ dé láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, láìyẹ̀. Fún irú rẹ̀, èmi náà á ra EtherCAT, tàbí PROFINET oní-IRT, n kò sì ní í wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wa ló jẹ́ irú ẹ̀rọ yẹn? Síse, pípò, fífà sínú táǹkì, gbígbóná àti títutù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìkòkò kì í kánjú.

Ó yá, àlejò mi. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti gboyè. Ó mú iṣu wá fún màmá, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, “Prof, ẹ má bínú sà. Àtẹ ìgbà yẹn, ṣé wọ́n ṣì fi ń kọ́ wọn?” Mo ní èmi ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ṣì ń lò ó. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò sọ fún mi láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu ló gbà á síṣẹ́. N kò ní í dárúkọ wọn. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ Modbus àtijọ́ tó wà níbi tí wọ́n ti ń se omi ṣúgà, wọ́n ní kó mú ìmọ̀ràn wá. Ó mú àtẹ mi jáde, ó wo máàkì, ó yan èyí tó ga jù. Ó tilẹ̀ pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà, mo sì ní, “O káre, ọmọ mi, èyí tó dáa lo yàn.” Mo rántí ìpè yẹn dáadáa. N kò bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ẹ̀rọ 15 ló wà lórí ìlà náà, wọ́n sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Kébù kan ṣoṣo ló kù tí ìlẹ̀kẹ̀ náà ì bá fi di òrùka, láti ara èyí tó kẹ́yìn padà sọ́dọ̀ PLC. Àwọn tó ń sanwó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, owó ti pọ̀ jù. Lóru ọjọ́ kan, iná lọ, wọ́n ń yí sí jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ kẹrin bá jó. Lórí Modbus àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni wáyà ń gbà kọjá. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn tó kù lè máa sọ̀rọ̀ lọ. Lórí tuntun yìí, inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Ẹ̀rọ kẹrin kú, àwọn 11 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yadi.

Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n yọ èyí tó jó, wọ́n fi kébù so ẹ̀kẹta mọ́ ìkarùn-ún. Ohun tí èmi náà ì bá ṣe nìyẹn. PLC kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀rọ 15 ni wọ́n kọ sí i nínú, 14 ló ń rí, kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyàfi tí wọ́n bá yí ohun tí wọ́n kọ sí i nínú padà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n lè fi yí i padà wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe tó ti gbowó, tó sì ti lọ. Páàtì tuntun ń bọ̀ láti òkè òkun. Ọjọ́ 19 ni wọ́n fi dúró. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún ọmọkùnrin náà ní lẹ́tà pé kó máa lọ sílé.

Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta nígbà náà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè mí. Ó ní òun ò fẹ́ kí Prof rò pé òun ò mọ̀wé.

Ẹ gbọ́, ogójì ìṣẹ́jú ni omi ṣúgà yẹn fi ń jinná. A gbé ohun tó lè jábọ̀ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ka iwájú ìkòkò tó ń gba ogójì ìṣẹ́jú, a sì fún un ní máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

N kò fẹ́ purọ́ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Òrùka tí wọ́n yọ kúrò, àwọn tó ṣe é ló pèsè rẹ̀. Ọ̀nà sì wà láti sọ fún PLC láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rọ báyìí lè má sí nílé, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ mi ò ní òpó tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí, ohun tí kò bá sì ní òpó, ọmọ ogún ọdún ò ní í mọ̀ pé ó wà.

Ọmọkùnrin náà yọ pẹ́ńsù lápò, ó yí àtẹ náà dé, ó kọ mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kù? Irinṣẹ́ wo la fi ń rí àléébù rẹ̀? Ta la máa pè ní agogo méjì òru, ọjọ́ mélòó sì ni páàtì fi ń dé?

Èkejì yẹn dùn mọ́ mi jù, torí ó mú mi rántí ohun tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì: 4–20 mA, wáyà méjì tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, tó kàn ń gbé iná tó ń pọ̀ tó sì ń dín bí ohun tó ń wọ̀n bá ṣe ń ròkè tó ń relẹ̀. Mo máa ń pè é ní baba arúgbó. Ẹ wo ọgbọ́n arúgbó: 4 ló fi ṣe òfo rẹ̀, kì í ṣe 0. Táǹkì tó ṣófo á sọ pé 4. Tó bá jẹ́ pé wáyà ló já, á di 0, ẹni tó ń wò ó á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òfo táǹkì kọ́ lèyí. Mítà kékeré tí ẹ rà lọ́jà tó láti fi wò ó. CAN náà ṣì ní irú inúure bẹ́ẹ̀: ẹ pa iná, ẹ wọn wáyà méjèèjì; tí ẹ bá rí nǹkan bí 60 ohm, rẹsísítọ̀ tó yẹ kó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì pé. Tí ẹ bá rí 120, ọ̀kan ti sọnù. Pẹ̀lú àwọn tó ń lo okùn Ethernet, ó di kọ̀ǹpútà, ó di sọ́fíwíà, ó di ẹni tó lè ka ohun tí sọ́fíwíà ń sọ. Kò burú, bí ẹni náà bá wà lórí owó oṣù yín. Bí kò bá sí, ẹ kà á mọ́ iye tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń náni.

Mo fi ẹ̀kẹrin kún tirẹ̀: ta ló lè pàṣẹ? Modbus, bí wọ́n ṣe ṣe é ní 1979, kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ń rán an níṣẹ́. Ẹni tó bá ti dé orí wáyà, ọ̀gá ni. Nígbà tí wọ́n rí Stuxnet ní 2010, èyí tó ba àwọn ẹ̀rọ Natanz jẹ́ ní Iran, inú PLC ló wọ̀; ó ń gba orí PROFIBUS yí eré àwọn ẹ̀rọ náà padà, ó sì ń fi han àwọn tó ń ṣọ́ wọn pé kò sí nǹkan. PROFIBUS ò ṣe àṣìṣe kankan. Ó jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an, ó sì yára.

Àwọn kan á ní èmi àgbà yìí ń sọ ìtàn àtijọ́, pé Ethernet-APL ti dé láti 2021, wáyà méjì tó ń gbé iná àti ọ̀rọ̀ dé mítà 1000, ní 10 Mbit/s, kódà níbi tí gáàsì wà. Inú mi dùn sí i, ẹ gbà mí gbọ́. Ó gba H1 lọ́wọ́ ìlọ́ra rẹ̀. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà pé èdè wo ni wọ́n ń sọ lórí wáyà náà. Á ní PROFINET ni, tàbí EtherNet/IP, tàbí HART-IP, tàbí OPC UA, èyí tí ẹ bá fẹ́. Wọ́n ti fẹnu kò lórí títì. Lórí èdè, ìjà 1999 ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọkùnrin náà ti rí iṣẹ́ mìíràn, ó ti dọ̀gá níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní kí n fún òun ní àtẹ tí òun kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kó fi sílẹ̀, èmi fúnra mi ló yẹ kó mú un lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ. Ẹni náà gbé mi jókòó, ó ka iwájú, ó ka ẹ̀yìn, ó tún padà síwájú, ó fi ìka lé ìlà PROFIBUS. Ó ní, “Prof, ṣé mítà 1200 àti 12 Mbit/s yìí kì í pàdé ni?”